Àlàbá Mẹ́ta ní Igana

Ọjọ́ kejì tí mo dé Pobè, lódìkejì ẹnubodè Nàìjíríà, obìnrin kan tó ń ta àbọ̀lọ̀, oúnjẹ ìrẹsì tí wọ́n ń sè bíi mọ́ínmọ́ín, lẹ́bàá ọ̀nà bi mí pé kí ni mò ń tà. Mo ní mi ò ta nǹkan kan. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó wo báàgì dúdú tí mo gbé kọ́ èjìká, ó ní, “Ẹ̀yin ará Nàìjíríà kì í ṣáà wá síbí lásán. Kí ló wà nínú báàgì yẹn?” Mo ní kọ̀ǹpútà ni. Kò yé e. Mo ṣí báàgì fún un kó wò ó. “Á, ọ̀dinatẹ̀ẹ̀!” Ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní, “Ọ̀dinatẹ̀ẹ̀ ló ń tà.” Fún odindi oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn èèyàn ń dá mi dúró lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń béèrè èló ni mò ń ta ọ̀kan.

Iṣẹ́ mi ṣòroó ṣàlàyé, kódà fún ìyá tó bí mi. Sọ́fíwíà ni mò ń kọ, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń rí lórí fóònù tó fi ń ṣeré. Irú tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń mójú tó ara wọn ni: ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ló kù nílé ìkẹ́rùsí, ta ló béèrè kí ni, kí ló ti jáde lẹ́nu géètì. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ ọ́ ní Èkó, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Nínú gbogbo ọdún yẹn, mi ò fojú kan ẹyọ ẹnì kan rí lára àwọn tó ń lo ohun tí mo kọ. Mo kàn ń gba ìwé ẹ̀sùn wọn lórí ẹ̀rọ ni: eléyìí ò ṣiṣẹ́, ìyẹn ti dúró. Mo máa ń tún un ṣe, ẹ̀sùn mìíràn á sì wọlé.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan tó ń tọ́jú ọmọ ọ̀pẹ fún àwọn àgbẹ̀ agbègbè Pobè ra sọ́fíwíà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá mi, wọ́n wá ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa, tó sì gbọ́ Yorùbá, tó lè lọ jókòó tì wọ́n fún ọdún méjì. Kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ. Èmi ni mo nawọ́. Èkó ti sú mi ni. Mi ò tiẹ̀ ronú láti béèrè èdè tí wọ́n fi ń ṣèpàdé níbẹ̀.

Faransé ni. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, èèyàn mẹ́jọ jókòó yí tábìlì ká, wọ́n ń sọ ọ́ bí omi tó ń dà lórí páànù. Mo ń mi orí. Nígbà tó yá, ọ̀gá bi mí ní nǹkan kan, gbogbo ojú sì yí sọ́dọ̀ mi. Mo ní, “Wí,” bẹ́ẹ̀ ni lédè wọn. Inú ọ̀gá dùn gan-an, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Bí a ṣe jáde, obìnrin kan tó fi nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù mí lọ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Yorùbá ló fi bá mi sọ̀rọ̀.

“Àbúrò, ṣé o mọ ohun tí o sọ pé wàá ṣe?”

“Rárá, mà.”

“O ní wàá parí gbogbo ẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.”

“Ìgbà wo ni òjò máa ń bẹ̀rẹ̀?”

Ó wo ojú ọ̀run. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i.”

Bí mo ṣe mọ Tàtá Fílómẹ̀nì nìyẹn. Tàtá ni wọ́n ń pe obìnrin tó bá ju èèyàn lọ níbẹ̀. Òun ló wà ní géètì tí ọmọ ọ̀pẹ ń gbà jáde, kò sì sí ẹyọ kan tó ń kúrò nínú ọgbà láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Ó bá mi túmọ̀ gbogbo ìpàdé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn sí etí. Òjò kò sì dúró dè wá. Nígbà tó rọ̀, ìdajì iṣẹ́ péré ló ti parí, ọwọ́ la fi kọ ìyókù.

* * *

Màámi wà ní Òṣogbo. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pè wọ́n.

“Ṣé òtútù ń mú níbẹ̀?”

“Màámi, Pobè ni mo wà. Oòrùn tó wà lọ́dọ̀ yín náà ló wà lọ́dọ̀ mi.”

“Ẹ̀gbọ́n rẹ ní òtútù fẹ́ẹ̀ pa òun.”

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Kánádà. Tí àwọn ará ìjọ bá bi Màámi nípa àwọn ọmọ wọn, wọ́n á ní, “Ọ̀kan wà ní Kánádà. Èkejì rìnrìn àjò iṣẹ́, kò ní pẹ́ dé.” Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi sọ pé mi ò ní pẹ́ dé. Mi ò bínú sí wọn. Wọn ò mọ orúkọ tí wọ́n lè pe ibi tí mo wà. Ọmọ tó lọ sí Kánádà ti lọ sí òkè òkun. Ọmọ tó wà ní Pobè, kí ni kí èèyàn sọ pé ó lọ ṣe?

Ohun tó sì dùn mí jù ní ọdún àkọ́kọ́ náà nìyẹn. Mi ò lè rojọ́ fún ẹnikẹ́ni pé àjèjì ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi lè sọ pé òun ò gbọ́ èdè wọn, pé oúnjẹ wọn ò ládùn, pé wọn kì í kíra wọn, gbogbo èèyàn á sì ṣàánú rẹ̀. Èmi gbọ́ èdè wọn. Mo gbọ́ ìkíni wọn, mo gbọ́ èébú wọn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu géètì, mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá sọ pé ẹnì kan kú ní Towé tó wà nítòsí, gbogbo wọn á di ẹnu mú, èmi nìkan ni mi ò ní mọ irú ojú tó yẹ kí n ṣe. Sakété, ìlú kan nítòsí, ni mo gba yàrá sí, zẹ́mijàn, ọ̀kadà wọn, ló ń gbé mi lọ sí Pobè láràárọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí mo sì ti bá Màámi sọ̀rọ̀ tán, mo máa ń jókòó fọ aṣọ tí kò dọ̀tí.

Ẹnì kan rí mi níbi ìfọṣọ náà. Rọ́bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ànàgó ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Sakété, ilé tó tẹ̀ lé tiwa ló ń gbé. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀wù aláwọ̀ ewé yìí, mo rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ẹ fọ̀ ọ́, mi ò sì rí i lọ́rùn yín láti ìgbà náà.” Ojú tì mí. Mo ní mò ń dúró de ẹni tó máa kọ́ mi ní Faransé ni. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí i sọ. Ó ní ṣé ọjọ́ Ajé tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọmọ ilé-ìwé burúkú ni mí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé oúnjẹ síwájú mi, amíwọ̀, ọkà àgbàdo tí wọ́n fi tòmátì rò, àti adìyẹ, mo jẹ ẹ́ títí, mo wá fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ ní Faransé pé mo ti yó. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú, ó tún un nù. Ohun tí mo sọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe wá ṣàlàyé rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rín jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀, ni ohun tí wọ́n ń sọ nípa màlúù tó lóyún.

* * *

Ní ọdún kejì ni mo ṣe àṣìṣe kan tí mi ò jẹ́ gbàgbé.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà agbègbè yẹn, ìwé ìdánimọ̀ wọn ò ní ọjọ́ ìbí gidi. Ọdún tí wọ́n fojú bù fún wọn nìkan ló wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ìfojúbù, nítorí náà a kọ gbogbo wọn sí ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní. Mo wá ń rí i pé orúkọ àwọn kan wà nínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rò pé àwọn akọ̀wé ló ń tún un kọ. Mo jókòó, mo kọ òfin kékeré kan fún ẹ̀rọ: bí orúkọ bá dọ́gba, tí abúlé dọ́gba, tí ọjọ́ ìbí náà dọ́gba, ẹnì kan ṣoṣo ni, so wọ́n pọ̀. Ìlà mẹ́rin péré ni. Ìwé wa mọ́ tónítóní láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà tó wà ní Kútọnu kọ̀wé yìn mí, mo sì tẹ ìwé náà lẹ mọ́ ògiri.

Lẹ́yìn náà ni òjò bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ń wá gba ọmọ ọ̀pẹ wọn. Obìnrin kan wá láti Igana, abúlé kan nítòsí Pobè, lọ́jọ́ Ajé, Ìdòwú Àlàbá ni orúkọ rẹ̀ lórí ìwé, ó gba tirẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́rú, obìnrin méjì mìíràn wá láti Igana nínú òjò, wọ́n háyà kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù kan wá. Ìdòwú Àlàbá ni wọ́n pe ara wọn, àwọn méjèèjì. Tàtá Fílómẹ̀nì ò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó dúró fún un tẹ orúkọ wọn, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó ní, “Ẹ ti gba tiyín lọ́jọ́ Ajé.”

“Èmi? Ọwọ́ wo ni mo fi gbà á?”

“Ohun tí ẹ̀rọ sọ nìyẹn, Màmá.”

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ òfìfo padà sí Igana. Gbogbo Igana mọ Àlàbá tó lọ sí Pobè lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti ń pe obìnrin yẹn ní olè. Wọ́n ní ó fi orúkọ àwọn ẹlòmíràn gba ọmọ ọ̀pẹ wọn. Àwọn ọkùnrin kan tiẹ̀ wọ oko rẹ̀ lọ láti wo iye tó gbìn.

Tàtá Fílómẹ̀nì ló gbọ́ ọ láti ẹnu àwọn àna rẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ó wọlé wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, kò kí mi, ó ní, “Ṣí Igana fún mi.” Mo ṣí i. Ẹyọ Ìdòwú Àlàbá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó ní, “Mo mọ mẹ́ta.” Mo ti mọ ohun tí mo ṣe kó tó sọ ọ̀rọ̀ kejì.

Mo lọ sọ fún ọ̀gá wa ní Pobè. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní kí a sọ fún wọn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ṣe é, kí a fún àwọn méjì yòókù ní ọmọ ọ̀pẹ wọn, kí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Tàtá Fílómẹ̀nì bá mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Tí o bá sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, wọ́n á gbà fún ọ,” ó ní. “Ta ló máa wá sọ fún wọn pé obìnrin yẹn ò jalè?”

A lọ sí Igana lọ́jọ́ kejì. Lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń fún epo ni wọ́n kó ara wọn jọ sí, bí ogójì èèyàn. Àlàbá ọjọ́ Ajé wà níbẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ó jókòó síwájú pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ tó gún, kò wo ẹnikẹ́ni. Mo kúnlẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti tò sílẹ̀ lọ́kàn láti sọ fò lọ. Mo ní, “Èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe ẹ̀rọ. Èmi ni mo sọ fún ẹ̀rọ pé tí orúkọ bá bára mu, kó ka àwọn èèyàn sí ẹnì kan. Màmá yìí ò gba nǹkan ẹnikẹ́ni. Tirẹ̀ ló gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní olè mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ bá ẹnì kan wí, èmi rèé.”

Ìyá arúgbó kan tó wà lẹ́yìn ló kọ́kọ́ gbóhùn sókè.

“Níbo lo ti wá?”

“Òṣogbo, mà.”

“Ní Òṣogbo, ọmọ tí wọ́n bí tẹ̀ lé Ìdòwú, kí ni ẹ ń pè é?”

“Àlàbá, mà.”

“Àgbo ilé tiwa, Ìdòwú ni orúkọ baba ńlá wa. Gbogbo wa là ń jẹ́ ẹ. Obìnrin méloo ló ti bí ìbejì nínú ilé wa látìgbà náà, o rò?” Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. “Nínú ilé tí mò ń sùn sí nìkan, Àlàbá mẹ́ta ló wà. Ọ̀kan ò tíì lè rìn. Ẹ̀rọ rẹ á fún òun náà ní ọ̀pẹ?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló jáde lójú mi. Mo ní, “Mà, báwo ni ẹ̀yin ṣe ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀?”

Ó wò mí bí ẹni tó bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń mí. “A ń bi wọ́n pé ta ni ìyá wọn.”

Bí ìbéèrè yẹn ṣe wọ inú sọ́fíwíà wa nìyẹn. Tàtá Fílómẹ̀nì àti èmi lọ káàkiri Igana, Towé, Ahoyéyé, láti ojúlé dé ojúlé, a tú gbogbo èèyàn tí mo so pọ̀ ká. Sórí ìwé pélébé tí àwọn akọ̀wé ń kọ ọ̀rọ̀ sí, tí wọ́n ń pè ní fíìṣì, mo fi ìbéèrè kan kún un: orúkọ ìyá. Àwọn méjì yòókù gba ọmọ ọ̀pẹ wọn, òjò ṣì ń rọ̀ nígbà tí wọ́n gbìn ín. Mo yọ ìwé ìyìn kúrò lára ògiri.

Àlàbá ọjọ́ Ajé kò dá mi lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo kí i lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ẹ̀gbẹ́ kan. Mi ò dá a lẹ́bi. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tàtá Fílómẹ̀nì ní géètì nígbà tí ó kan obìnrin náà lórí ìlà. Tàtá bi í pé ta ni ìyá rẹ̀. Ó gbé ohùn sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá fi yíjú, ó ní, “Ọdúnjọ ni ìyá mi. Ọdúnjọ tó ń mọ ìkòkò.” Ó wá wo ojú mi. Ó ní, “Kọ ọ́ dáadáa.” Mo kọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ náà ni mo sọ fún àwọn ọ̀gá mi ní Èkó pé mi ò ní padà wá bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún méjì ti pé, pé àwọn ará Pobè ti ní kí n di òṣìṣẹ́ àwọn.

* * *

Ó ti tó ọdún mẹ́jọ báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo kọ ní Èkó ni wọn ò lò mọ́, sọ́fíwíà kì í pẹ́ gbó. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń dùn mí tí mo bá ro pé èèyàn lè fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ kọ nǹkan, kí wọ́n sì pa á rẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo láti gbé òmíràn síbẹ̀. Kò dùn mí mọ́. Mo mọ ọwọ́ tó ń lo ti ìsinsìnyí. Mo mọ̀ pé Tàtá Fílómẹ̀nì kì í rí lẹ́tà kéékèèké, ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan fi tóbi lójú ẹ̀rọ wa.

Aago márùn-ún ni mo ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Rọ́bẹ́ẹ̀ ń kọ́ mi ní Faransé síbẹ̀, láti ìgbà tí ó ti di ọkọ mi kò dẹ̀ rọra mọ́. Ìyàwó tí kò tètè lọ́kọ ni mí, ọkọ tí kò tètè láya lòun náà, a ò ní ariwo púpọ̀ nínú ilé. Lọ́jọ́ Sátidé a máa ń lọ sí Ahoyéyé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Wọ́n máa ń kó ẹ̀kùrọ́ síwájú mi kí n pa. Mo ń pa ìka ọwọ́ mi mọ́ ọn. Wọn kì í lé mi kúrò nídìí òkúta. Tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín báyìí, mo sábà máa ń mọ ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn, èmi ni.

Lóṣù tó kọjá, àwọn ọ̀gá mi àtijọ́ kọ̀wé sí mi láti Èkó. Wọ́n fẹ́ kí n wá máa darí gbogbo àwọn tó ń kọ sọ́fíwíà wọn. Ipò tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án lé ni. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Irọ́ ni mo máa pa tí mo bá sọ pé ọkàn mi ò fà sí i. Rọ́bẹ́ẹ̀ kà á, ó gbé e lélẹ̀, ó ní, “Kọ́lẹ́ẹ̀jì wà ní Èkó náà. Wọ́n ń ṣe ìṣirò níbẹ̀.” Ó wá lọ fọ abọ́.

Mo pe Màámi lọ́jọ́ Àìkú. Mo ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Èkó, ọ̀gá pátápátá, ohun tí wọ́n lè sọ fún gbogbo ìjọ láìsí pé wọ́n ń wá ọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ fún wọn tán, wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé ìlà ti já.

“Màámi?”

“Mò ń gbọ́.” Wọ́n wúkọ́. “Nígbà tí o wà ní Èkó, ṣé o mọ ohun tí o máa ń sọ fún mi tí mo bá pè ọ́?”

“Rárá, mà.”

“‘Màámi, ẹ jẹ́ kí n pè yín padà.’ Ọdún mẹ́sàn-án. O kì í sì pè mí padà. Màá gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí màá fi sùn lọ. Ìwọ lo mọ ohun tí o fẹ́ ṣe o. Èmi kàn ń sọ ohun tí mo rí ni.”

Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń dúró nígbà náà lọ́hùn-ún. Wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà fúnra wọn, wọ́n bi mí pé kí ni a máa jẹ. Mo ní àkàsà ni, ẹ̀kọ wọn, pẹ̀lú ẹja. Wọ́n ní báwo ni wọ́n ṣe ń ro àkàsà níbẹ̀. Mo ń ṣàlàyé, wọ́n ń já mi ní koro, wọ́n ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Rọ́bẹ́ẹ̀ ń pariwo láti ìdí abọ́ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Màámi ní kí n gbé fóònù fún un kí wọ́n lè bá a jà. Mo gbé e fún un, mo ti mọ̀ lọ́kàn mi pé mi ò ní padà sí Èkó, mo sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́ wọn.